Ẹ̀rọ Orin Kan Láàárín Kọ̀ǹpútà Méjì: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lára àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin alágbèéká. Ohun kan náà ló ń da àwọn tó kọ wọ́n láàmú: ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀kan, kọ̀ǹpútà jẹ́ méjì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. iPod classic ni mo ń lò, gbogbo orin mi ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo ti ń lò tipẹ́. Láìpẹ́ yìí mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, mo sì fẹ́ máa fi orin kún iPod náà láti orí èyíkéyìí tó bá wà nítòsí. Bí mo ṣe so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, ọ̀rọ̀ kan yọ lójú rẹ̀ pé àkójọ orin mìíràn ni iPod yìí ń bá ṣiṣẹ́, ó sì bi mí bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo fa wáyà yọ. Ṣé ẹ̀rọ kan kò lè sin kọ̀ǹpútà méjì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ̀rù tó bà yín yẹn ló yọ orin yín nínú ewu, nítorí pé ẹni tó bá tẹ "Erase and Sync" yóò pàdánù gbogbo orin inú iPod, ohun tó bá sì wà lórí kọ̀ǹpútà tuntun, bó ti wù kó kéré tó, ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣe é. Mo ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́wọ́ kan, mo fi ọwọ́ kejì tẹ Enter. Nígbà tí mo máa fi bojú wo kọ̀ǹpútà, ìlà tó máa ń fi iye àyè tó ti kún hàn nísàlẹ̀ ti ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá tún yọ sí yín, "Cancel" ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ sì tẹ àmì ìyọkúrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ iPod kí ẹ tó fa wáyà, torí pé fífa wáyà yọ lójijì náà ní ewu tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi iPod han aráyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, tí àyè inú rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 5, tí wọ́n sì ń polówó rẹ̀ pé orin 1,000 ló lè gbà, ohun tí àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn ni pé kọ̀ǹpútà ni yóò ni orin, kí ẹ̀rọ kàn máa gbé ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri. Bí òjìji ni síǹkì tí wọ́n ṣe fún un rí: ohun tí ẹ bá fi kún àkójọ orin lórí kọ̀ǹpútà yóò hàn nínú iPod, èyí tí ẹ bá sì yọ níbẹ̀ yóò kúrò nínú iPod pẹ̀lú. Òjìji kan kò sì lè tẹ̀lé ènìyàn méjì. Ètò yìí tún ń dí ẹni tó bá fẹ́ fi iPod kó orin láti orí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ kan lọ sórí ti òmíràn lọ́wọ́.

Kì í ṣe orúkọ kọ̀ǹpútà ni iPod fi ń dá olówó rẹ̀ mọ̀. iTunes, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kó orin sínú iPod, máa ń fún àkójọ orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tó jẹ́ àmì 16, àdàlù nọ́ńbà àti lẹ́tà, iPod á sì fi nọ́ńbà àkójọ tó ń bá a ṣe síǹkì pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ì báà jẹ́ pé orin kan náà gan-an ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín méjèèjì, níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà wọn bá ti yàtọ̀, àjèjì ni iPod yóò ka ìkejì sí.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù fún ẹni tó ní irú iPod yín ni pé kí ẹ gba iṣẹ́ síǹkì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín kó orin sí i. Orí kọ̀ǹpútà àtijọ́, èyí tí iPod ti mọ̀, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí tuntun, ìbéèrè nípa pípa gbogbo nǹkan rẹ́ lè tún yọjú. Ẹ so iPod mọ́ ọn, ẹ ṣí ojú ewé "Summary" rẹ̀ nínú iTunes, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n kọ "Manually manage music and videos" sí, ẹ fi àmì sínú àpótí kékeré tó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ "Apply". Orin tó wà nínú iPod kò ní kúrò. Láti ìgbà náà lọ, kọ̀ǹpútà yòówù nínú méjèèjì tí ẹ bá so ó mọ́, ńṣe ni ẹ óò máa fi máòsì wọ́ orin láti inú àkójọ lọ sórí orúkọ iPod, tí ẹ óò sì jẹ́ kó bọ́ síbẹ̀.

Ìrọ̀rùn yìí ní owó orí tirẹ̀. Orin tí ẹ bá yọ lórí kọ̀ǹpútà kò ní yọ nínú iPod mọ́ àfi bí ẹ bá fọwọ́ yọ ọ́ níbẹ̀, orin kan sì lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ bá gbàgbé pé ẹ ti fi sí i láti orí kọ̀ǹpútà kejì. Ẹ gbọ́dọ̀ máa tẹ àmì ìyọkúrò ní gbogbo ìgbà. Èyí tó le jù ni pé bí ẹ bá yọ àmì inú àpótí yẹn lọ́jọ́ mìíràn, iPod yóò padà di òjìji, òjìji kọ̀ǹpútà tí ẹ wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tí kò bá sì sí lórí rẹ̀ yóò lọ. Ẹ má sì ṣe gbé ìmọ̀ràn yìí fún ẹni tó ń lo iPhone, torí pé orin inú iPhone kì í ti inú ju àkójọ kan ṣoṣo wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó o sí i.

Bí ẹ kò bá fẹ́ máa fọwọ́ kó orin, ẹ lè mú kí kọ̀ǹpútà méjèèjì máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ lọ sínú "File", ẹ yan "Library", lẹ́yìn náà "Organize Library", kí ẹ sì fi àmì sí "Consolidate files", kí iTunes lè ṣe ẹ̀dà gbogbo orin tó fọ́n káàkiri inú kọ̀ǹpútà sínú fódà kan. Ẹ pa iTunes dé, kí ẹ wá kó odindi fódà tó ń jẹ́ iTunes, tó wà nínú fódà Music, lọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí iTunes níbẹ̀, ẹ di bọ́tìnì Shift mú bí ó bá jẹ́ Windows, tàbí Option bí ó bá jẹ́ Mac. Yóò béèrè àkójọ tí ẹ fẹ́ ṣí, ẹ sì tọ́ka sí èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Nọ́ńbà tí iPod mọ̀ ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní bá a jà.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé tí àkójọ méjèèjì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ síra. Ká ní ẹ fi orin 12 kún ti kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ sì ṣe síǹkì. Bí ẹ bá so iPod mọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ́jọ́ kejì, kò ní rí orin 12 náà nínú àkójọ tirẹ̀, yóò sì yọ wọ́n kúrò nínú iPod láìbéèrè, torí pé nọ́ńbà tó mọ̀ náà ló rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà méjèèjì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kí ìkejì sì jẹ́ àbúrò: ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n nìkan ni orin tuntun yóò máa gbà wọlé, ẹ̀yin yóò sì máa kó fódà náà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ bá àbúrò lóòrèkóòrè. Ẹ rí i pé iTunes orí méjèèjì kò ju ara wọn lọ, nítorí pé àkójọ tí iTunes tuntun bá ti ṣí, èyí tó pẹ́ jù ú lọ kò ní lè kà á mọ́. Láàárín Windows àti Mac tuntun, ọ̀nà yìí kò tilẹ̀ ṣeé gbà: láti ìgbà tí macOS Catalina ti jáde lọ́dún 2019 ni iTunes ti kúrò lórí Mac, tí Music gba ipò rẹ̀, tí síǹkì sì bọ́ sọ́wọ́ Finder tí wọ́n fi ń wo fáìlì lórí Mac, irú fáìlì tí Music fi ń pa àkójọ mọ́ sì yàtọ̀ sí ti iTunes.

Àwọn kan máa ń fi odindi àkójọ sórí háàdì díráìfù kan tí wọ́n ń gbé kiri, wọ́n á sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá fẹ́ lò. Kò burú rárá fún ẹni tí kò kọ̀ láti máa gbé nǹkan méjì rìn. Lórí Windows, ẹ fún díráìfù náà ní lẹ́tà kan tí kò ní yí padà nínú Disk Management. Bí ó bá jẹ́ E lánàá, tó wá di F lónìí, àmì ìyanu lẹ́ẹ̀ máa rí níwájú orin, èyí tó túmọ̀ sí pé iTunes kò rí fáìlì rẹ̀ mọ́.

Ní ti bọ́tìnì "Transfer Purchases" tó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí, orin tí ẹ fi owó rà nínú ilé ìtajà iTunes nìkan ló ń kó jáde. Èyí tí ẹ gbà láti orí CD kò sí lára rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kó orin sínú iPod mi ti kú pátápátá, háàdì díráìfù rẹ̀ kò sì ṣeé kà mọ́. Inú iPod nìkan ni orin mi kù sí. Báwo ni mo ṣe lè kó wọn sórí kọ̀ǹpútà tuntun?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àdánù kọ̀ǹpútà o. Orin yín ṣì wà, ó kàn fara pamọ́ ni.

Bí iTunes bá dá ṣí, tó sì béèrè ìbéèrè tó ń dẹ́rù bani yẹn, "Cancel" ni. Kí iPod lè hàn bíi dísìkì lásán, ẹ fi àmì sí "Enable disk use" lójú ewé "Summary". Bí èyí kò bá ṣeé ṣe lórí iPod classic, ẹ di bọ́tìnì Menu àti ti àárín mú pọ̀ títí àmì èso tó gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yóò fi yọ; bó bá ṣe ń yọ, ẹ fi Menu sílẹ̀, kí ẹ di ti àárín àti bọ́tìnì Play/Pause tó wà nísàlẹ̀ mú pọ̀, títí ẹ óò fi rí ọ̀rọ̀ "Disk Mode". Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí kọ̀ǹpútà fi àwọn ohun tó fara pamọ́ hàn: lórí Windows, nínú "View", ẹ fi àmì sí "Hidden items", lórí Mac, ẹ tẹ Command, Shift àti àmì ìdánudúró pọ̀ nínú Finder.

Fódà kan yóò yọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ iPod_Control. Ẹ ṣí i, ẹ ṣí Music tó wà nínú rẹ̀, ẹ óò sì bá àwọn fódà F00, F01, F02 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà nínú wọn máa ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn láyà jẹ: orin kan kò jẹ́ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin tí kò nítumọ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ́, irú bíi QZKD.mp3, àwọn orin inú àwo kan náà sì ti fọ́n sínú fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan orúkọ kankan. Inú ikùn fáìlì kọ̀ọ̀kan ni orúkọ orin, orúkọ olórin àti orúkọ àwo wà. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà náà sórí kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ lọ sínú "Advanced" nínú "Preferences" iTunes, ẹ fi àmì sí "Keep iTunes Media folder organized" àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá wọ́ fódà Music tí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú iTunes. Yóò ka inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì dá orúkọ oníkálukú padà fún un.

Pléèlísìtì àti ìràwọ̀ tí ẹ fi díwọ̀n orin kò ní tẹ̀ lé wọn, nítorí ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ iTunesDB ni iPod kọ wọ́n sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé Mac ni ẹ fi ṣètò iPod náà níbẹ̀rẹ̀, Windows kò ní lè ka dísìkì rẹ̀, yóò ní kí ẹ jẹ́ kí òun ṣe fọ́ọ́mààtì rẹ̀. Ẹ kọ̀ jálẹ̀, kí ẹ wá Mac yá. Mac ní tirẹ̀ máa ń ka èyí tí Windows ṣètò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ̀rọ orin tèmi kì í ṣe iPod, bíi fíláàṣì ló ń hàn lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ń wọ́ fódà sí i tààrà láti orí Mac ní ibi iṣẹ́ àti Windows nílé. Ìṣòro méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, àwọn orin kan wà nínú rẹ̀ tí kò lè kọ, ìṣẹ́jú àáyá 0 ni ẹ̀rọ ń kọ síwájú wọn. Èkejì, àwọn fódà tí mo fi àmì ohùn kọ orúkọ wọn ti di méjì méjì, orúkọ kan náà gan-an, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó.

ÌDÁHÙN: Àwọn orin tí kò kọ yẹn kì í ṣe orin. Nígbà tí Mac bá kó fáìlì sórí dísìkì tí a ṣètò ní FAT32 tàbí exFAT, ìyẹn ọ̀nà méjì tí a fi ń to fáìlì sórí dísìkì, ó máa ń fi fáìlì kékeré kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi pa àwọn àkíyèsí tirẹ̀ mọ́. Àmì ìdánudúró àti ìlà ìsàlẹ̀ ló máa ń wà níwájú orúkọ rẹ̀, orúkọ orin gan-an á wá tẹ̀ lé e, títí kan .mp3 tó wà ní ìparí, ìyẹn ló sì ń tan ẹ̀rọ yín jẹ. Lórí Mac, ẹ ṣí Terminal, ẹ kọ dot_clean -m, ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kí ẹ wọ́ àwòrán ẹ̀rọ náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ Enter. Wọn yóò lọ.

Ọ̀rọ̀ fódà oníméjì dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí àwa tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ló ń bá jà jù. Ẹ wo lẹ́tà "ọ́". Lójú wa, lẹ́tà kan ni. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan lè kọ ọ́ ní ẹyọ méjì, ìyẹn "ọ" tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti àmì ohùn òkè; ẹlòmíràn lè kọ ọ́ ní ẹyọ mẹ́ta, "o" lásán, àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn òkè. Bákan náà ni wọ́n rí lójú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í wo ojú, iye ẹyọ ló ń kà. HFS+, ọ̀nà ìto-fáìlì tí Mac lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń tú orúkọ fáìlì palẹ̀ sí ẹyọ kéékèèké, nígbà tí Windows máa ń fi í sílẹ̀ bí bọ́tìnì ìtẹ̀wé ṣe kọ ọ́. Báyìí ni fódà "Ọjọ́ Ìsinmi" ṣe di méjì láìsí ẹni tó ṣẹ̀.

Ó dùn mí láti sọ ọ́, èmi tí mo máa ń bá àwọn òǹkọ̀wé wa jà lórí àmì ohùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ fódà àti ti fáìlì láìsí àmì kankan. Ẹ jẹ́ kí àmì wà nínú ikùn fáìlì, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ orin sí, torí pé ìyẹn ni ẹ̀rọ yín ń fi hàn nígbà tó bá ń kọrin. Ẹ yẹra fún àmì ìbéèrè àti kólóònì pẹ̀lú, Windows kò gbà wọ́n nínú orúkọ fáìlì.

Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí mo fún ẹni àkọ́kọ́ bá yín mu. Ẹ yan kọ̀ǹpútà kan tí fódà orin rẹ̀ yóò jẹ́ ojúlówó, kí ẹ sì lo ètò tó ń fi fódà méjì wéra, irú bíi FreeFileSync tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac. Kí ẹ tó jẹ́ kó ṣe ohunkóhun, yóò to gbogbo fáìlì tó fẹ́ kó àti èyí tó fẹ́ pa rẹ́ síwájú yín. Ẹ kà á. Ẹni tó bá mọ robocopy, àṣẹ ìkófáìlì orí Windows, lò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé /MIR máa ń pa ohun tí kò bá sí ní orísun rẹ́, kí ó sì fi /L kún un nígbà àkọ́kọ́ kó lè kàn sọ ohun tó fẹ́ ṣe láìṣe é. Ó yẹ kó fi /FFT náà sí i: dísìkì FAT kì í ka àkókò tí a tún fáìlì ṣe ju ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì lọ, bí ètò kò bá sì mọ èyí, yóò rò pé gbogbo orin ti yí padà, yóò máa tún wọn kó lójoojúmọ́.

ÌBÉÈRÈ: Pléèlísìtì M3U tí mo ṣe lórí kọ̀ǹpútà kan máa ń ṣófo bí mo bá gbé e dé orí ìkejì, bẹ́ẹ̀ orin gbogbo wà níbẹ̀. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi Notepad ṣí i. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, ìlà kan fún orin kan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C:\Users àti orúkọ tí ẹ ń jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Kò sí irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lórí ìkejì. Ẹ gbé fáìlì M3U náà sínú fódà orin gan-an, kí ẹ sì fi "Replace" yọ gbogbo ohun tó ṣáájú orúkọ fódà olórin kúrò lójú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè máa wá orin láti ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Ẹ yí àmì ìdágẹ̀ẹ́rẹ́ tó dojú kọ ẹ̀yìn padà sí èyí tó dojú kọ iwájú bí ìkejì bá jẹ́ Mac, kí ẹ sì fi UTF-8, ọ̀nà ìpamọ́ ọ̀rọ̀ tó gba àmì ohùn, pa á mọ́ pẹ̀lú orúkọ .m3u8 bí àmì ohùn bá ṣì kù nínú rẹ̀.